Delhi sí Tokyo: Ọ̀nà Kan, Àkókò Méjì
Tí a bá fi okùn wọn ọ̀nà Delhi sí Tokyo lórí àwòrán ayé roboto, á tó nǹkan bíi 5,800 kìlómítà, àlọ àtàbọ̀ kò sì yàtọ̀. Síbẹ̀, bàálù tó gbéra ní Delhi nígbà òtútù lè dé Tokyo láàárín nǹkan bíi wákàtí 7 àbọ̀, kí àbọ̀ sì gbà tó 9 àbọ̀. Atẹ́gùn ló fà á. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sórí ilẹ̀, ẹ̀fúùfù líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Lórí ilẹ̀ Japan, ó lè kọjá 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Bàálù tó ń sá eré 900, tí irú rẹ̀ bá tì lẹ́yìn, á máa sá 1,100. Bó bá dojú kọ ọ́, 700 péré ló kù.

Àwọn kan á ní ayé tó ń yí ni. Rárá o! Ìlà-oòrùn ni ayé ń yí sí. Bó bá jẹ́ pé bàálù kì í bá a yí ni, ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn ni ìbá tètè dé. Aago gan-an ló ń tan èèyàn, torí Tokyo fi wákàtí 3 àbọ̀ ṣíwájú Delhi. Ẹni tó kúrò ní Delhi ní aago 8 alẹ́ á bá aago 7 àárọ̀ ní Tokyo, bí ẹni tó lo wákàtí 11. Ẹni tó kúrò ní Tokyo ní aago 11 àárọ̀ á dé Delhi ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó lo 6 péré, bẹ́ẹ̀ òun ló jókòó pẹ́ jù.