Rírọ irinṣẹ́ agbẹ́gilére láti ara àlòkù irin

Rírọ irinṣẹ́ agbẹ́gilére láti ara àlòkù irin jẹ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí Ògún ti jẹ́ òrìṣà alágbẹ̀dẹ àti agbẹ́gilére pọ̀. Láyé àtijọ́, òkúta irin ni wọ́n ń yọ́. Ní 1904, C. V. Bellamy kọ̀wé nípa ilé ìyọ́rin kan nítòsí Ọ̀yọ́. Irin òkèèrè àti àlòkù ọkọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀.

Sìpíríǹgì pẹlẹbẹ abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù dára púpọ̀, nítorí pé kárbọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 0.6 nínú 100. Ọ̀pá irin ìkọ́lé kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ a tètè kú.

Lẹ́yìn tí alágbẹ̀dẹ bá ti fi ọmọ owú lu irin náà tán, yóò fi ẹwìrì fẹ́ná sí ẹnu rẹ̀ títí òòfà kò fi ní fà á mọ́, yóò sì tì í bọ epo. Irin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo le bí àwo, ó sì lè fọ́ bí àwo. A gbọ́dọ̀ dán an, kí a sì tún yá a níná díẹ̀, ní nǹkan bí 220°C, títí yóò fi ní àwọ̀ koríko gbígbẹ. Àìṣe èyí léwu jù lọ lẹ́nu ẹ̀rọ tí ń yí igi, nítorí pé èérún irin tí ó bá kán lè fò sí ojú oníṣẹ́.