Ẹ Má Jẹ́ Kí Epo Dà Sínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibà tàbí ti inú rírun. Ọ̀rọ̀ epo pẹtiróòlù tí à ń bù sínú ọkọ̀ ojú omi ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó ni ó máa ń wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lọ ṣe fàájì ní Tarkwa Bay tàbí Ilashe ní ọjọ́ ìsinmi. Àwọn mìíràn ní ọkọ̀ tiwọn tí wọ́n so mọ́ èbúté. Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú epo ọkọ̀? Ẹ fetí sílẹ̀ ná.

Ní ọdún tí ó kọjá, ní ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde, ìyá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, wá sí dìsípẹ́ńsárì wa. Ọmọ náà kò lè jókòó. Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo rò pé oòrùn ni ó pa á létí òkun. Mo ti fi epo pupa pa á lára." Nígbà tí mo wo ọmọ náà, awọ ìdí àti itan rẹ̀ ti lé ròrò, ibòmíràn sì ti bó. Mo mọ̀ pé oòrùn kì í pa ènìyàn lábẹ́ ṣòkòtò, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyá bí wọ́n ti ṣe rin ìrìn àjò wọn.

Ìgbà náà ni ó rántí. Inú ọkọ̀ ni gbogbo wọn jókòó sí nígbà tí awakọ̀ ń bu epo. Táǹkì kún àkúnwọ́sílẹ̀, epo ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó sì pò mọ́ omi iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ìjókòó kò tó, wọ́n sì fi ọmọ náà jókòó sílẹ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ mu omi elépo yìí, wọn kò sì bọ́ ọ kúrò lára rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi omi fọ ibẹ̀ dáadáa, mo fi aṣọ mímọ́ bò ó, mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ náà tó lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ẹ̀kọ́. Ìyá rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé, "Nọ́ọ̀sì, iná kankan kò jó o!" Òótọ́ ni ó sọ. Iná kò jó o. Epo ni ó bó o lára.

Kì í ṣe ọmọ yìí nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2016, àwọn dókítà ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières tí wọ́n ń gba àwọn arìnrìn-àjò là lórí Òkun Mẹditaréníà sọ pé àwọn rí irú egbò yìí lára ọ̀pọ̀ obìnrin. Àwọn obìnrin àti ọmọdé ni a sábà máa ń fi jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rọ́bà, níbi tí epo tí ó dà ti pò mọ́ omi òkun.

Ohun tí ó ń fà á nìyí. Epo pẹtiróòlù máa ń fọ ọ̀rá kúrò lára awọ wa, ọ̀rá yìí ni ó sì ń dáàbò bo awọ. Bí epo bá kán sí yín lọ́wọ́, kíá ni ó máa ń fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà lábẹ́ aṣọ tútù, kò rí ọ̀nà fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni yóò wà tí yóò máa jẹ awọ díẹ̀díẹ̀.

Ewu kejì ni oru epo, èyí tí a kò lè fi ojú rí. Oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Kì í gòkè bí èéfín. Ńṣe ni ó máa ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ bí omi, tí yóò sì kó jọ sínú ikùn ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ń fà á símú lè ní orí fífọ́, òòyì àti èébì. Bí ẹ̀ta-iná kan ṣoṣo bá sì ta sí i, ó di iná ńlá. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ mìíràn fi máa ń gbiná, kì í ṣe nígbà tí à ń bu epo, bí kò ṣe nígbà tí awakọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tí ó bu epo tán.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bu epo, ẹ ṣe báyìí:

Èkíní, kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, pàápàá àwọn ọmọdé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, kí ẹ má sì dáná nítòsí.

Èkejì, bí táǹkì bá jẹ́ èyí tí a lè gbé, ẹ gbé e jáde sórí ilẹ̀ ní èbúté. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bu epo sí i. Èyí tí ó bá dà sílẹ̀ níbẹ̀ kò ní wọnú ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ táǹkì tí a kàn mọ́ ọkọ̀, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ọkọ̀ kí oru má bàa wọlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ iye tí táǹkì gbà àti iye tí ó kù nínú rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ojú díwọ̀n. Ẹ lo àrọ, kí ẹ fi àkísà gbígbẹ yí ẹnu táǹkì ká, kí ẹ sì máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ìró rẹ̀, nítorí bí táǹkì bá ti ń kún ni ìró náà máa ń yí padà, bí ìgbà tí à ń pọn omi sínú ìgò. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má kún un dé ẹnu. Táǹkì tí ó gba 25 lítà, kí ẹ bu 22 sí i. Epo máa ń wú nínú oòrùn. Bí 25 lítà bá fi 20 dígírì gbóná ju bí ó ti wà ní òwúrọ̀ lọ, yóò fi nǹkan bí ìdajì lítà lé sí i. Bí àyè kò bá sí nínú táǹkì, ibo ni ìdajì lítà yìí yóò gbà, bí kò ṣe ìta?

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dé e pinpin, ẹ nu ara rẹ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bí ọkọ̀ bá ní fáànù tí ń fẹ́ oru jáde, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 4 ó kéré tán. Bí òórùn epo bá ṣì wà ní ìsàlẹ̀, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì.

Bí epo bá ti wá dà ńkọ́? Ẹ fi àkísà fà á gbẹ, kí ẹ kó àkísà náà sínú garawa onírin tí ó ní ọmọrí, jìnnà sí iná. Ẹ má jù ú sínú omi. Bí ó bá dà sójú ọ̀sà, ẹ má da ọṣẹ ìfọṣọ sí i. Ọṣẹ kò pa epo run; ńṣe ni ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ tí ó sì ń tì í lọ sísàlẹ̀, níbi tí ẹja, edé àti akàn tí à ń rà lọ́jà ń gbé.

Bí ó bá dà sí ènìyàn lára, ẹ bọ́ aṣọ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má tijú, ẹ má ní ó di ìgbà tí a bá délé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má fi epo pupa tàbí ẹyin pa ara tí ó bó. Ẹ sá aṣọ elépo sí ìta, kí ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ má fi ẹnu fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú rọ́bà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má fi agbára mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì mu. Epo tí ó gba ọ̀fun jáde lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ewu ibẹ̀ sì ju ti inú lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àní bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó yá, nítorí ìnira lè dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó gbé ọmọ yín sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ bojú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi imú gbóòórùn. Bí omi elépo bá wà níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò. Bí awakọ̀ bá ń kánjú, ẹ̀yin ẹ má bá a kánjú. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbádùn, ṣùgbọ́n àpá náà wà ní itan rẹ̀ títí di òní. Ó dìgbà kan ná o.