Èèkù Tí Kì Í Yọ̀ Lọ́wọ́

Àwọn baba wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ọ̀rọ̀ idà kọ́ ni mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ èèkù fúnra rẹ̀ ni. Kí ni ó ń mú kí èèkù kan dúró ṣinṣin lọ́wọ́, tí òmíràn sì ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀?

Ẹ wo alápatà ní ọjà Òṣòdì. Ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ti bo ọwọ́ rẹ̀. Bí èèkù ọ̀bẹ rẹ̀ bá ń dán bí àwo, ọ̀rá yóò dúró láàárín igi àti àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ yóò sì máa sún lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀bẹ kan eegun, ó dúró; ọwọ́ kò dúró, ó sún dé ojú ọ̀bẹ. Bí iṣan ìka bá gé níbẹ̀, ìka náà lè má ká mọ́ títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ojú ọ̀nà Òṣòdì sí Apápá nígbà òjò. Táyà tuntun ní ilà jíjìn lójú. Omi ń gba inú ilà náà lọ, rọ́bà sì ń kan ọ̀dà. Táyà tí ó ti jẹ kò ní ibi tí omi yóò gbà, ọkọ̀ a sì máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èèkù rí. Ilà tí a fín sí i ń fún òógùn àti ọ̀rá ní ibi tí wọn yóò sá sí, ibi tí ó yọ sókè sì ń wọ ara ọwọ́ díẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe ìbọn ìléwọ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ìbọn Colt tí àwọn ológun Amẹ́ríkà gbà lò ní 1911 ní ilà wẹ́wẹ́ tí ó kọjá ara wọn lára èèkù igi rẹ̀, bí ara ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ẹ má ṣe tìtorí èyí wá ìbọn kiri o! Òfin ohun ìjà wa ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún ará ìlú. Ọgbọ́n ara èèkù rẹ̀ nìkan ni a fẹ́ yá fún àdá àti òòlù.

Kí igi èèkù gbẹ dáadáa ná. Ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gbóná fa ilà sí i ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún fa òmíràn kọjá rẹ̀. Ẹ fi ibi tí àlàfo àtàǹpàkò ń gbé sílẹ̀ kí ó máa dán, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń tètè bó. Àwọn kan rò pé bí èèkù bá ti págunpàgun tó ni ó dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèkù tí ó bá dàbí irin tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹni tí ó ni í kò ní lè fi ro oko dé ọ̀sán.

Bí iná bá ṣòro, ẹ wá rọ́bà inú táyà lọ́dọ̀ àwọn tí ń lẹ táyà ní Ìsọlọ̀. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì ní fífẹ̀. Láti ìdí èèkù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fà á le, kí ìyípo kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tí ó ṣáájú, kí ẹ sì ki òpin rẹ̀ bọ abẹ́ ìyípo ìkẹyìn. Ó tún ń mú èèkù tí ó tínrín jù nípọn. Èèkù tínrín a máa mú kí ènìyàn di ẹ̀ṣẹ́ le ju bí ó ti yẹ lọ, apá a sì tètè rọ.

Èmi kò fẹ́ rọ́bà yìí fún ọ̀bẹ alápatà. Ẹ̀jẹ̀ a máa wọ abẹ́ rẹ̀, a jẹrà níbẹ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì dé ara ẹran. Ilà tí kò jìn ni kí ó fín, èyí tí búrọ́ọ̀ṣì, ọṣẹ àti omi gbígbóná lè fọ̀ mọ́, kí ó sì fi kókó kan sí iwájú èèkù tí yóò dá ọwọ́ dúró kí ó tó dé ojú ọ̀bẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú igi méjì tí ó dọ́gba, kí ẹ fín ilà sí ọ̀kan, kí ẹ fi epo pa méjèèjì, kí ọ̀rẹ́ yín sì gbìyànjú láti fà wọ́n yọ lọ́wọ́ yín. Igi lásán ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ dán an wò.