Akọ irin, abo irin: Ohun tó fara pamọ́ sínú ìdérí ìgò tí ẹ ń jù nù ní Tákíè!

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba Tákíè kọjá nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ṣe mí lóore kan. Bí ẹ bá tún dúró mu ẹlẹ́rìndòdò tútù níbẹ̀, ẹ má sọ ìdérí ìgò yẹn nù. Ẹ ka eyín etí rẹ̀. Mọ́kànlélógún (21) lẹ máa bá. Ẹ mú ti ọtí bíà iléeṣẹ́ mìíràn, ẹ tún un kà, 21 náà ni. Ṣé ẹnì kan ló jókòó tó ń kà á fún wọn ni? Rárá o. Irin kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, dáì ni wọ́n ń pè é, òun gan-an lọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ ńlá tó ń dún gbì-gbì ló mọṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára lásán ni ti ẹ̀rọ, dáì ló ni ọgbọ́n. Takọ-tabo ni dáì. Akọ á wà lókè, abo á wà nísàlẹ̀, wọ́n á ti páànù bọ àárín wọn, akọ á sì wọlé sínú abo. Bí wọ́n bá ṣe gbẹ́ àwọn méjèèjì ni páànù á ṣe rí. Ẹ tẹ ẹgbẹ̀rún kan, ti ìgbẹ̀yìn á jọ ti àkọ́kọ́.

Oríṣiríṣi ló wà. Àkọ́kọ́ lèyí tó ń gé, tó sì ń lu ihò. Àwọn ìyá wa tó ń ṣe gààrí ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Páànù tí wọ́n fi ń rin pákí, ìṣó àti òòlù ni wọ́n fi ń lu ihò sí i lára, lórí igi. Ìṣó ni akọ, igi ni abo. Nítorí pé igi kò di páànù mú dáadáa, etí ihò á yọ eyín ṣóńṣó, eyín yẹn ló sì ń rin pákí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ híǹjì ilẹ̀kùn ni, irú eyín bẹ́ẹ̀ á ya èèyàn lọ́wọ́ ni. Ìdí nìyí tí àlàfo àárín akọ àti abo fi gbọ́dọ̀ kéré. Bí páànù bá nípọn tó mìlímítà kan, àlàfo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í sábà ju bí irun orí ṣe nípọn tó lọ.

Èkejì lèyí tó ń ká páànù, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe gọ́tà etí òrùlé. Alágídí ni páànù o! Bí akọ bá ti gbéra, á fẹ́ padà díẹ̀ sí bó ṣe wà. Ẹni tó mọṣẹ́ á ká a kọjá ibi tó ń fẹ́, kó lè padà síbi tó yẹ.

Ẹ̀kẹta lèyí tó ń fa páànù pẹrẹsẹ di ìkòkò tàbí bàsíà. Irin mìíràn gbọ́dọ̀ di etí páànù náà mú. Tí irin yẹn bá dẹ̀ jù, páànù á hunjọ. Tó bá sì le jù, páànù á ya. Epo ni wọ́n fi ń jẹ́ kó yọ̀.

Ẹ̀kẹrin ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń gé ìdérí ìgò ní róbótó, tó sì ń fún un ní eyín. Ìkarùn-ún, páànù gígùn ló ń gba inú rẹ̀ kọjá: ibì kan á lu ihò, ibi tó tẹ̀ lé e á ká a, ti ìkẹyìn á gé e kúrò.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Ẹ wo àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe nílùú wa, bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu páànù láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tí dáì tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ọjọ́ gbọọrọ tún ṣe. Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Inú àpótí ni ẹ̀yà ara mọ́tò ti ń wá. Mọ́tò wá, dáì ò wá. Ní 1980, ìjọba àpapọ̀ dá Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, nítòsí wa níbí, kó lè máa ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Òótọ́ ni pé dáì wọ́n. Irin líle ni wọ́n ń gbẹ́, wọ́n á fi iná sun ún, wọ́n á rì í sínú epo kó lè gbó, wọ́n á tún lọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe híǹjì mẹ́wàá péré á jẹ gbèsè. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló máa rí èrè. Ṣùgbọ́n ṣebí a mọ àjọ dá? Bí wẹ́dà ogún bá dáwó jọ ra dáì kan, tí wọ́n sì ké sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní LAUTECH tó wà nínú ìlú wa láti 1990, ta ló sọ pé kò ṣeé ṣe? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin ọmọọṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín ni mo fi gbẹ̀yìn. Dáì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín páànù àti ìka ọwọ́. Bí páànù bá há, ẹ pa ẹ̀rọ ná, kí ẹ tó fi igi tì í jáde. Ọ̀gá tó bá ní kí ẹ kánjú ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ sọ fún un pé dáì ṣeé tún rà, ìka ò ṣeé rà.