Drone Yín Ò Mọ̀ Pé Orí Tábìlì Lòun Wà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń to drone fúnra yín, tàbí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún èyí tó já lulẹ̀ ṣe, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Bí èèyàn bá ti jó wáyà tó gbẹ̀yìn mọ́ ọn tán, ojú á máa kán an láti tàn án wò. Ilẹ̀ lè ti ṣú, òjò lè máa rọ̀ níta, kò wá sí àyè mìíràn ju yàrá lọ. Kò burú, a lè tan drone wò nínú ilé. Àmọ́ kí ẹ tó ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ tú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ike lásán kọ́?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Abẹ̀bẹ̀ íǹṣì 5 wọ́pọ̀ gan-an lára drone tí àwọn èèyàn ń tò fúnra wọn. Bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, etí rẹ̀ ti rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Motor rẹ̀ lè yí ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú kan láìní wàhálà. Ìyẹn jẹ́ ìgbà 333 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí i pé etí abẹ̀bẹ̀ yẹn ń sáré tó kìlómítà 480 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ tó ń fi 120 sá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ìlọ́po mẹ́rin eré rẹ̀ nìyẹn. Bí ike bá ń sáré tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀bẹ ló ń ṣe.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣe máàsítà, ojú mẹ́rin ni wọ́n rán ìka rẹ̀. Kò fẹ́ fò ó rárá. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá rìmóòtù ń bá a sọ̀rọ̀ ni.

Kí ló ń lọ nínú ọpọlọ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé, "Ṣebí díẹ̀ ni mo máa fún un, kò lè sáré." Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gan-an nìyẹn, torí pé kì í ṣe ọwọ́ yín nìkan ló ń darí motor.

Nínú drone, ẹ̀rọ tíńtín kan wà tí wọ́n ń pè ní gyroscope. Òun ló ń mọ̀ bí drone bá ń yí tàbí tó ń dagun. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọpọlọ drone ń bi í pé, "Ṣé bí wọ́n ṣe fẹ́ ká wà la wà yìí?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, á fi kún eré àwọn motor kan, á dín ti àwọn yòókù kù, títí ara rẹ̀ á fi tọ́. Lójú òfuurufú, kíá ló máa ń tọ́.

Lórí tábìlì ńkọ́? Motor á sáré, àmọ́ drone ò ní kúrò lójú kan. Ọpọlọ rẹ̀ á rò pé òun ò tíì ṣe tó. Ó ní ìṣirò kan tó máa ń ṣàkójọ gbogbo àṣìṣe tí kò tíì tọ́, bí ìgbà tí gbèsè ń gorí gbèsè, tó bá sì ti ń pọ̀ ni á máa fi agbára kún un. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i tí motor ń sáré sí i láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Kò bàjẹ́ o. Òun ò kàn mọ̀ pé orí tábìlì lòun wà ni.

Ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ dì í mú nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Á máa bá ọwọ́ yín jà, á sì máa fi agbára kún un. Torí náà, ẹ má gbìyànjú ẹ̀ láé.

Bátìrì náà ò ṣeé fojú di

Bátìrì LiPo alágbèéká mẹ́rin tó bá kún máa ń ní fóltì 16.8, ìyẹn 4.2 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ 1500mAh àti 100C sí i lára, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó lè tú amps 150 jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí lẹ́ẹ̀dì kékeré kan bá ti mú kí wáyà méjì bridge, iná lè sọ kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wo ojú pupa àti ojú dúdú tí wọ́n ń ki bátìrì bọ̀. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́, kò sí wàhálà. Bó bá ń dún láìdákẹ́, wáyà ti bridge nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe wáyà àfikún kan láàárín bátìrì àti drone, kí ẹ sì fi gílóòbù bíréèkì ọkọ̀, oní-fóltì 12, wáàtì 21, sí ojú ọ̀nà wáyà pupa rẹ̀. Bí gbogbo nǹkan bá dára, gílóòbù á tàn fìrí, á wá kú tàbí kó máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Bó bá tàn rokoṣo tí kò kú, ẹ yọ bátìrì kíákíá. Gílóòbù ló gba ìyà tí ì bá jẹ drone yín. Ẹ má yí motor o, nígbà tí gílóòbù bá ṣì wà níbẹ̀.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

1. Ẹ tan rìmóòtù ṣáájú bátìrì. Tí ẹ bá fẹ́ pa á, bátìrì ni kó kọ́kọ́ kúrò.

2. Ẹ fi kọ̀ǹpútà yí motor lọ́kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Betaflight ní ojú ewé tó wà fún èyí. Àwọn motor tó kọjú síra wọn ní igun sí igun gbọ́dọ̀ máa yí sí ọ̀nà kan náà, kí méjì yòókù máa yí sí òdìkejì. Bí ọ̀kan bá ṣì í, drone á dojú dé níjọ́ tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gbéra.

3. Ẹ jẹ́ kí motor máa yí díẹ̀, kí ẹ wá dẹ drone sápá ọ̀tún. Àwọn motor apá ọ̀tún ló yẹ kó sáré sí i.

4. Ẹ pa rìmóòtù nígbà tí motor ṣì ń yí. Bí motor ò bá dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, drone yẹn ò tíì yẹ lẹ́ni tó ń jáde.

Bó bá ní GPS, ẹ má yẹ ìyẹn wò nínú yàrá. Páànù àti dẹ́kìn máa ń dí sátẹ́láìtì lọ́wọ́, irin inú ògiri sì máa ń da kọ́ńpáàsì rẹ̀ láàmú.

Ká tó sùn

A mọ bí iná ṣe ń ṣe wá. Bí wọ́n bá mú un wá ní aago méjìlá òru, ẹ̀mí á máa sọ fún èèyàn pé kó ṣáàjì sílẹ̀ kó sì sùn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú LiPo. Ojú yín ni kó máa ṣáàjì, jìnnà sí fóòmù àti kọ́tìnnì, kí yanrìn gbígbẹ sì wà nítòsí. Èyí tó bá ti wú, ẹ má ṣáàjì ẹ̀ mọ́. Èyí tí ẹ ò bá ní lò, ẹ fi í sí nǹkan bíi fóltì 3.8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e pamọ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ìgbà tí gbogbo èyí bá pé, ẹ gbé e lọ sí gbangba, níbi tí èèyàn ò sí àti níbi tí òfin ti gbà yín láyè, torí NCAA ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ fífò drone ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti wá de abẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn. Sípánà kékeré kan àti ìṣẹ́jú méjì péré ni títú u gbà yín nínú ilé. Ìka mẹ́wàá la ní.