Bí Olùwádìí Ìlera Bá Wá sí Mọ́sáláṣí Wa



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ọ̀dọ́bìnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí wa ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìbéèrè lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì ni. Ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń yọ àwa tí a ṣí wá láti Áfíríkà lẹ́nu tó báyìí, àti ohun tí kì í jẹ́ ká tètè rí dókítà. Alhájà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́: “Ọmọ mi, ìwọ tó ń ta oògùn, ṣé o mọ̀ ọ́n? Àbí Home Office ló rán an?”

Mi ò bá Alhájà wí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń pàdánù tí gbogbo wa bá sá.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìwádìí kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní ALLHAT. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Àwọn tó kópa lé ní 33,000, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta wọn tó jẹ́ adúláwọ̀. Níbẹ̀ ló ti hàn pé, lára adúláwọ̀, lisinopril kò rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ tó oògùn tó ń múni tọ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ sì mú àwọn tó lo lisinopril jù. Lónìí, ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ní England ni pé, bí adúláwọ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò ní àtọ̀gbẹ, amlodipine tàbí irú rẹ̀ ni kí wọ́n sábà fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní àwọn adúláwọ̀ yẹn kọ̀ láti kópa ni, ta ni ìbá mọ̀?

Ẹ má torí èyí dá oògùn yín dúró o! Dókítà lè ní ìdí mìíràn tó fi fún yín ní lisinopril. Ẹ bi í.

Oògùn nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru, báwo ló ṣe ń lo oògùn rẹ̀ nínú Ramadan? Kí ló dé tí bàbá kan fi ń ṣẹ́ oògùn oṣù kan lò fún oṣù méjì? Àwa nìkan la lè dáhùn. Ohun tí a kò bá sọ, kò ní sí nínú ètò ìtọ́jú tí wọ́n bá ṣe fún wa.

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

1. Kí ó fún yín ní ìwé àlàyé tó ní orúkọ yunifásítì rẹ̀, ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, àti ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i. Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà yunifásítì náà, kí ẹ pè wọ́n.

2. Kò sí dandan. Ẹ lè fo ìbéèrè, ẹ sì lè dáwọ́ dúró láàárín. Kíkọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ìtọ́jú yín kù.

3. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò tọ́jú orúkọ yín sí àti ẹni tó lè rí i.

4. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà báńkì yín.

5. Bí ẹ bá gbà láti dáhùn, ẹ sọ òtítọ́. Bí ẹ kì í bá lo oògùn, ẹ má sọ pé ẹ ń lò ó. Irọ́ tí a bá sọ síbẹ̀ lè pa ẹlòmíràn lára.

Ní ti ẹ̀rù Home Office: ní England, ẹ kò nílò ìwé ìgbélùú kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ọ̀fẹ́ sì ni rírí GP. Ẹ má ṣe jókòó ti àìsàn nílé.

Mo ka ìwé àlàyé náà fún Alhájà ní Yorùbá. A pe yunifásítì náà, wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n. Alhájà fo ìbéèrè méjì, ó dáhùn ìyókù, ó wá ní kí ọ̀dọ́bìnrin náà wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun. Ó ga ju bí a ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ló lọ rí GP rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà. Àmín.