Iṣan Ọkàn Tó Dí: Ìtọ́jú Tí Kò Mú Abẹ Dání

Ọ̀pọ̀ ló rò pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn dà bíi gọ́tà: bó bá ti dí, kí wọ́n ki irin bọ̀ ọ́, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ògiri iṣan ni ọ̀rá ń dì sí, kì í sì í ṣe ojú kan ṣoṣo. Ojú tí kò tíì dí púpọ̀ gan-an lè bẹ́ lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí. Oògùn ló ń dé gbogbo ibẹ̀. Statin ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì.

Ìwádìí ISCHEMIA, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020, kó aláìsàn 5,179 jọ láti orílẹ̀-èdè 37. Gbogbo wọn ló ń lo oògùn, ṣùgbọ́n wọ́n tún yan ìdajì wọn fún ṣíṣí iṣan ní kíákíá. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, iye àwọn tó kú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àyà tó ń fúnni nìkan ló rọlẹ̀ jù fún àwọn tí wọ́n yàn fún ṣíṣí iṣan.

Fún àyà tó ń fúnni, nitroglycerin abẹ́ ahọ́n ṣì wà ńbẹ̀, ohun kan náà tí Nobel fi ṣe dínámáìtì. Dókítà William Murrell ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìdérí ìgò rẹ̀ kan ahọ́n ara rẹ̀, ni orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú kìì kìì. Ní 1879 ó kọ ọ́ jáde pé oògùn ni. Ẹ̀yin bàbá tó ń lo Viagra, ẹ má fi kún un o: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín lè já wálẹ̀ gbì.

Eré ìdárayá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní Leipzig, ní Jámánì, ọkùnrin 101 ló kópa nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2004. Àwọn kan ń wa kẹ̀kẹ́ àdúrólójúkan fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, wọ́n fi stent, irin kékeré oníhò, sínú iṣan àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, ìdá 88 nínú 100 àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni aburú ọkàn kò bá; ti àwọn onístent jẹ́ 70.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ṣì ń fún lẹ́yìn oògùn lè gbọ́ nípa EECP, tí àjọ FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1995. Wọ́n á so bẹ́líìtì onífẹ́ẹ́fẹ́ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, nítan àti nídìí. Bí ọkàn bá ti sinmi láàárín ìlù méjì, bẹ́líìtì á fún láti ìsàlẹ̀ wá sókè, á ti ẹ̀jẹ̀ padà sọ́dọ̀ ọkàn; kí ọkàn tó tún lù, á ti dẹ̀. Wákàtí kan lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje. Ó ń dín àyà fífún kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ó ń fọ iṣan mọ́, ìpolówó ló ń ṣe, bíi alágbo inú mọ́tò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀.

Bí àyà bá fún ọ ní ìjókòó, tí òógùn ń bò ọ́, tí kò sì lọ, gbogbo èyí ti kọjá. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Níbẹ̀ ni stent inú iṣan ti ń gba ẹ̀mí là.